Iná Inú Mọ́tò àti Ohun Tí Ó Ń Sọ

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjerò, ní Arámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti ní gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a mú wá fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yàrá ìkàwé wí pé, "Èmi kò ní mọ́tò, kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe?" Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí kò ní mọ́tò a máa wọ̀ ọ́. Ìyá tí ń kó iṣu lọ sí Adó, ọmọ tí ń padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, bàbá tí ń lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, gbogbo wọn ni wọ́n fi ẹ̀mí wọn lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá sì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ lè rí pátákó kan náà tí awakọ̀ ń wò. Pátákó yìí, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí.

Mo ní ìdí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ èrò kan ní Arámọkọ, à ń lọ sí Iléṣà. Iwájú ni mo jókòó sí. Mo rí i pé awakọ̀ ti fi téèpù dúdú bo ibì kan lórí pátákó náà, mo sì bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná kan ni ó ń yọ mí lẹ́nu níbẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ó ti ń tàn, mọ́tò sì ń rìn dáadáa." Mo dákẹ́. N kò fẹ́ kí ó wí pé akọ̀wé kan ń kọ́ òun ní iṣẹ́ òun. Nígbà tí a ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni pé alágbẹ̀dẹ ń lu irin nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pátápátá. Ọ́ìlì ti tán, irin ti jẹ irin. Orí òkè náà ni a wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Obìnrin kan tí ó kó agbọ̀n tòmátì lẹ́yìn wa kò bá ọjà mọ́. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ pàdánù ẹ́ńjìnì tí kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, orí ọmọ sì wọ́.

Àwọ̀ ni kí á kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn tí ń ṣe mọ́tò ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, ìbáà ṣe Jámánì ni mọ́tò náà ti wá, tàbí Jàpáànì, tàbí Amẹ́ríkà. Iná aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ aró kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn ń sọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Iná aláwọ̀ ìyeyè ń wí pé nǹkan kan ń fẹ́ ìtọ́jú, kí a má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Iná pupa ń wí pé ewu dé: kí awakọ̀ wá ibi tí ó dára ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ó sì dúró.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń dán àwọn iná wọ̀nyí wò, kò sì ná ni ní kọ́bọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí pátákó ti ń tàn, ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì dún. Púpọ̀ nínú àwọn iná ìkìlọ̀ náà yóò tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ́ńjìnì bá ti dún, wọn yóò kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àfi ti háńbíréèkì bí ẹ kò bá tíì tú u, àti ti bẹ́líìtì bí ẹ kò bá tíì dè é. Èyí tí ó bá kọ̀ tí kò kú ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ṣùgbọ́n èyí tí kò tàn rárá nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tàn ni kí ẹ bẹ̀rù jù lọ, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí ó ti gé wáyà rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń lọ ra tòkunbọ̀, kí ó rántí èyí kí ó tó ka owó sílẹ̀. Kí ó wo iná tí ó ní àwòrán ènìyàn tí ó jókòó, tí nǹkan róbótó kan wà níwájú àyà rẹ̀. Ti àpò afẹ́fẹ́ ni, èyí tí ń wú jáde láti gba ènìyàn sílẹ̀ nígbà ìjàm̀bá. Mọ́tò mìíràn wà tí àpò rẹ̀ ti tú jáde nínú ìjàm̀bá kan ní òkè òkun kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Wọn kò fi òmíràn sí i. Wọ́n kàn pa iná tí ì bá sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn iná pupa. Àkọ́kọ́ jọ bùtá tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá, tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni. Kì í ṣe bí ọ́ìlì ti pọ̀ tó ni iná yìí ń sọ, bí kò ṣe agbára tí ọ́ìlì fi ń sáré láàárín àwọn irin inú ẹ́ńjìnì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró dè é kí ó tó bu ọ́ìlì ti pẹ́ jù. Géèjì ni kí ó máa fà yọ wò ní òwúrọ̀, nígbà tí mọ́tò wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí bùtá pupa bá sì tàn ní ojú ọ̀nà, kí a pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe wí pé ẹ fẹ́ dé Ìgèdè kí ẹ tó dúró. Ẹ́ńjìnì kò mọ Ìgèdè.

Èkejì jọ àpótí kékeré tí àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò wà lára rẹ̀. Ti bátìrì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà bátìrì kò ṣẹ̀. Ohun tí ń fi iná kún bátìrì ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, bóyá nítorí pé fáńbẹ́ẹ̀tì já. Àwọn àgbà tí ó wa Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, kò jẹ́ gbàgbé iná yìí. Ìjàpá kò ní omi, kò ní rédíátọ̀, kò sì ní abẹ́rẹ́ tí ń fi ooru hàn. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ó ń yí fáànù àti ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì ní iná pọ̀. Bí iná pupa yẹn bá tàn, ó ṣeé ṣe kí fáànù ti dúró, ẹ́ńjìnì yóò sì jóná láìpẹ́. Iná kan ń jẹ́ iṣẹ́ méjì. Nínú púpọ̀ mọ́tò òde òní pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀tì yìí kan náà ni ó ń yí ohun tí ń fa omi káàkiri ẹ́ńjìnì. Kí awakọ̀ dúró, kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó wò bóyá bẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti ooru, tí ó jọ ọ̀pá kékeré tí ó dúró nínú omi. Nínú mọ́tò mìíràn, abẹ́rẹ́ ni ó ń fi í hàn. Òkè ibi tiwa yìí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa ju ará etí òkun lọ, nítorí mọ́tò tí ó kó ẹrù gun òkè nínú ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ó ru àpò kòkó. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun: bí abẹ́rẹ́ bá ti ń gòkè ju ibi tí ó máa ń wà lọ, kí awakọ̀ dúró kí ó tó dé ibi pupa. Bí abẹ́rẹ́ tí ó ti gòkè bá sì já wálẹ̀ lójijì, kí ẹ má ṣe yọ̀. Ó lè jẹ́ pé omi ti tán tóbẹ́ẹ̀ tí ohun tí ń wọn ooru kò fi kan omi mọ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣí ọmọrí rédíátọ̀ nígbà tí ó gbóná. Omi inú rẹ̀ gbóná ju omi tí ń hó lórí ààrò lọ, nítorí pé wọ́n dé e pa. Bí ẹ bá ṣí i, yóò tú sókè sí ojú ati àyà. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ dúró tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ tó fi aṣọ nípọn yí ọmọrí náà díẹ̀díẹ̀. Èrò tí ó bá ń kánjú, kí ó sọ̀kalẹ̀ wá ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ̀kẹrin ni róbótó tí àmì ìyanu wà nínú rẹ̀. Ti bíréèkì ni. Bí a bá ti tú háńbíréèkì tí kò sì kú, ọ́ìlì bíréèkì lè ti lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí iná yìí kì í sọ. Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n sí ìhà Ìjẹ̀ṣà, tí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ooru yóò mú ọ́ìlì bíréèkì hó. Èyí tí a kọ DOT 3 sí lára kì í hó títí ooru yóò fi dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun, ti DOT 4 sì jẹ́ 230. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí ó bá sì ti gbó, DOT 3 lè hó ní 140. Nígbà náà ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò rì, mọ́tò kò sì ní dúró. Jíà kejì tàbí ìkẹta ni kí a fi sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ máa fa mọ́tò sẹ́yìn.

Nínú àwọn iná ìyeyè, èyí tí ó jọ ẹ́ńjìnì ni ó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ni ó ń tàn án. Bí ó bá tàn jẹ́ẹ́, ẹ lè rọra wa mọ́tò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní sìkánà. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, kí ẹ dẹwọ́ eré, kí ẹ sì dúró ní kíákíá. Amẹ́ríkà fi òfin dè é pé gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n bá tà níbẹ̀ láti ti ọdún 1996 gbọ́dọ̀ ní ihò kan náà tí a ń ki sìkánà bọ̀, nítorí náà kò yẹ kí mẹkáníìkì máa méfò, kí ó sì máa fi owó yín ra èyí tí kò bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà tún mú mi rántí abẹ́rẹ́ eré sísá. Nọ́ńbà ńlá tí ó wà lójú mọ́tò tí ó ti ibẹ̀ wá, máìlì ni, kì í ṣe kìlómítà. Ní àárín ìlú, 50 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin gba mọ́tò kékeré láàyè. Bí abẹ́rẹ́ máìlì bá wà lórí 50, eré 80 kìlómítà ni awakọ̀ ń sá kọjá níwájú ilé-ìwé. Kí ó má ṣe ju 30 lọ lórí nọ́ńbà ńlá náà.

Iná aláwọ̀ aró tí ó jọ fìtílà ń sọ pé iná gíga ni ẹ tàn. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹlòmíràn bá ń bọ̀. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nínú ìkùukùu orí òkè, nítorí iná gíga yóò kọlu ìkùukùu, yóò sì padà sí yín lójú. Bí ọfà aláwọ̀ ewé tí a fi ń yà bá sì ń ṣẹ́jú kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, gílóòbù kan ti kú lóde.

Ó ku ọ̀rọ̀ rédíò, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń retí. Nínú púpọ̀ rédíò tí a ń rà lọ́jà, wáyà ìyeyè ni ó ń gba iná láti inú bátìrì nígbà gbogbo, kí rédíò lè rántí ibùdó tí ẹ ti yàn. Pupa ń gba iná nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ń lọ sí ara irin mọ́tò. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ní wáyà méjì tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ so ọ̀kankan nínú wọn mọ́ ara irin, bí àwọn rẹwáyà àtijọ́ ti máa ń ṣe, kí rédíò má baà jóná. Fíúùsì ni ẹ̀ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń kú kí mọ́tò má baà kú. Ẹni tí ó bá fi wáyà lásán tàbí pépà dídán inú páálí sìgá dí ipò rẹ̀ ti lé ẹ̀ṣọ́ lọ: wáyà yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, iná yóò sì ràn lábẹ́ pátákó níbi tí ọwọ́ kò tó. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ amóhùndún-gẹgẹ sí i, wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní fíúùsì tirẹ̀ ní tòsí bátìrì gan-an.

Ẹ̀sùn kan wà tí mo máa ń gbọ́, pé rédíò mọ́tò ń ké ṣáà-ṣáà bí a bá ti kúrò ní Adó tí a wọ àárín àwọn òkè, àti pé rẹwáyà ti gba owó lẹ́ẹ̀mejì láti tún un ṣe. Ohùn FM ń rìn tààrà bí ìmọ́lẹ̀ ni. Òkè tí ó bá dí ìmọ́lẹ̀ yóò dí i pẹ̀lú. Kí ẹ tó san owó ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ wa mọ́tò náà dé orí òkè gíga, ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì tún fetí sí i. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ketekete níbẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣe rédíò yín.