Abẹ́rẹ́ Tí Ń Dẹ Iṣan

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún yín kì í ṣe èyí tí olùkọ́ wa kan kọ́ mi. Ìpọ́njú ló lé mi débẹ̀.

Nígbà ìsinmi wa tó kọjá, àbúrò ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń ta aṣọ ní ọjà Makola, lọ sí ilé onídìrí kan láti mú kí ìlà iwájú orí rẹ̀ pòórá, nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ mélòó kan lókè imú. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìpéǹpéjú ọ̀tún rẹ̀ wó bo ẹyinjú, kò sì lè gbé e sókè mọ́. Àwọn kan nínú ọjà ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, àwọn mìíràn ní ayé ni. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ojú náà ti kú. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ tí o fẹ́ di tíṣà, kí ni wọ́n gún sí mi lójú?" Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù, mà, ẹ jẹ́ kí n lọ wádìí." Ìtìjú mú mi, nítorí n kò mọ ohun kan nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí.

Botulinum ni orúkọ ohun tí ń bẹ nínú abẹ́rẹ́ náà. Botox tí gbogbo ènìyàn ń pè é jẹ́ orúkọ títà ọ̀kan nínú irú rẹ̀. Májèlé ni, ó sì wà lára àwọn tó lágbára jù lọ tí ọmọ ènìyàn mọ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé inú ilẹ̀ ló ń ṣe é, pàápàá nínú oúnjẹ tí a dé pa kúrò lọ́dọ̀ afẹ́fẹ́ láìsè é dáadáa. Ní Jámánì, oníṣègùn kan tó tún jẹ́ akéwì, Justinus Kerner, kọ̀wé ní 1820 àti 1822 nípa àwọn tí wọ́n jẹ ẹran lílọ̀ tí a rọ sínú ìfun, tí ara wọn sì rọ títí wọ́n fi kú. Ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀ (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán irú rẹ̀ wò), ó sì sọ pé bóyá ìwọ̀n kín-ún nínú rẹ̀ lè wúlò lọ́jọ́ kan fún àìsàn tí ń mú iṣan jà. Ní 1895, àwọn onílù àti onífèrè kan ní abúlé Ellezelles ní Bẹ́ljíọ̀m jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ níbi ìsìnkú. Mẹ́ta nínú wọn kú. Láti inú ẹran náà ni Emile van Ermengem ti rí kòkòrò ọ̀hún.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Kí iṣan tó lè fà, ọpọlọ ní láti ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ náà ń gba inú okùn tín-ín-rín kan kọjá. Bí ó bá dé ìpẹ̀kun okùn, oje kan yóò tú jáde sára iṣan, iṣan yóò sì súnkì. Botulinum ń ti ilẹ̀kùn tí oje náà ń gbà jáde. Ọpọlọ ń pàṣẹ, àṣẹ sì ń dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n iṣan kò gbọ́, bí ìgbà tí ìránṣẹ́ ọba dé àgbàlá tí ohùn há mọ́ ọn lọ́fun. Iṣan náà kò kú. Ó dẹ̀ ni. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, okùn náà yóò tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe, agbára yóò sì padà.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ nítorí àǹtí mi. Oògùn tí wọ́n gún sí iwájú orí rẹ̀ ti ṣàn kọjá ààlà, ó sì ti dé ara iṣan tí ń gbé ìpéǹpéjú sókè.

Ilẹ̀ wa náà ní májèlé tó di oògùn. Èséré ni àwọn Efik ti Calabar ń pe èso kan tí wọ́n máa ń fún ẹni tí a fura sí pé ó jẹ́ àjẹ́ jẹ. A yọ physostigmine jáde láti inú rẹ̀ ní 1864; ní 1934, Mary Walker fi tọ́jú àìsàn tí ń sọ iṣan di aláìlágbára, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òdìkejì botulinum ni: ó ń jẹ́ kí oje tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pẹ́ lára iṣan.

Ojú ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ botulinum di oògùn. Alan Scott, oníṣègùn ojú ní San Francisco, dán an wò lára ọ̀bọ, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1973. Ó ń wá bí yóò ṣe tún ojú méjì tí kò wo ibì kan náà ṣe láìlo ọ̀bẹ: bí a bá dẹ iṣan tí ń fa ẹyinjú jù, ẹyinjú yóò padà sí àárín. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1989 fún ìyẹn, àti fún ìpéǹpéjú tí ń pa dé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé ó dára fún ọrùn tó lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ tó ká gbagidi lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, ẹ̀fọ́rí túúlu tí kò dáwọ́ dúró, àti abíyá tí ń làágùn bí òjò.

Èyí tó kan àwa olùkọ́ jù lọ ni ti àwọn ọmọdé. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti lọ kọ́ iṣẹ́, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kejì tí ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan rìn, nítorí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nígbà ìbí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní adìẹ, n kò sì mọ̀ nígbà náà pé iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ló ń fa gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ ni a lè fi abẹ́rẹ́ yìí dẹ̀, kí olùtọ́jú lè máa na ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́. Láìsí nínà náà, abẹ́rẹ́ nìkan kò tó. Ó wọ́n, a sì ní láti tún un gún lẹ́yìn oṣù díẹ̀; mo sọ èyí fún ìyá ọmọ náà kí n tó sọ pé kí ó mú un lọ bá àwọn oníṣègùn ní Korle Bu, ilé ìwòsàn tí a ṣí ní 1923. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé oògùn wà fún un.

Ti ẹwà ló dé gbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé gbọ́. Ní nǹkan bí 1987, ní Vancouver ní Kánádà, aláìsàn kan tí Jean Carruthers ń tọ́jú ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣàkíyèsí pé ìlà ìfajúro òun ti lọ. Ọkọ dókítà náà, Alastair, jẹ́ oníṣègùn awọ ara. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ ṣe ìwádìí rẹ̀, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún ìlà àárín ojú ní 2002.

Èmi kò bá ẹni tó fẹ́ kí ojú òun dán jà. Àwọn ìyá wa ti ń kun osùn, wọ́n ti ń lé tìróò kí a tó bí wa. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló di abẹ́rẹ́ mú, kí ló sì wà nínú ìgò? Ní 2023, àwọn ènìyàn tó lé ní 60 ṣàìsàn ní ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́yìn tí a gún botulinum sínú ikùn wọn ní Túrkì kí wọ́n lè fọn. Ní 2024, ayédèrú rẹ̀ ṣe àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ mélòó kan ní Amẹ́ríkà léṣe. Ní Ghánà, àjọ ìjọba tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ló ń forúkọ oògùn sílẹ̀. Àǹtí mi kò rí ìgò, kò bèèrè orúkọ, ẹni tó gún un kì í sì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì.

Ní ọ̀sẹ̀ keje ni ó pè mí ní kùtùkùtù: ojú ti là. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ìlà iwájú orí náà ti padà sí àyè rẹ̀. Ìgbéyàwó ti kọjá nígbà náà. Nínú gbogbo àwòrán ọjọ́ náà, gèlè rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú ọ̀tún, àwọn àlejò sì rò pé àṣà tuntun ni.