Àpótí Ìmọ̀: Lẹ́tà Kan tó Yàtọ̀ nínú Ẹ̀jẹ̀ SS

Èsì àyẹ̀wò AA, AS tàbí SS tí ọ̀pọ̀ ìjọ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ ti inú DNA wá, ìyẹn okùn oníbejì inú sẹ́ẹ̀lì tí lẹ́tà mẹ́rin, A, T, G àti C, tò sí lára. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, okùn méjèèjì a tú kúrò lára wọn, A a sì fa T mọ́ra, G a fa C, títí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi ní ìbejì tuntun. Bí ó bá fẹ́ ṣe purotéènì, a da ọ̀rọ̀ apá kan DNA kọ sára RNA, ìránṣẹ́ tó ń gbé e lọ sí ràíbósómù, níbi tí lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ti ń pe amínò ásíìdì kọ̀ọ̀kan, tí a ń sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Nínú hemoglobin, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn kiri, ẹ̀ka beta ní amínò ásíìdì 146. Ní ipò kẹfà, GAG di GTG lára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn ẹlẹ́jẹ̀ SS, valine gba ipò glutamic acid, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń tẹ̀ bíi dòjé. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn àgbà máa ń fi abẹ sàmì sí lára láyé àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí àbíkú jẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ SS.