Ìká Òfún: Ẹ Má Gba Ọ̀pá Lọ́wọ́ Arúgbó

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ogbó: bí èèyàn ṣe lè dàgbà kí ara rẹ̀ sì le, kí ó má ṣubú, kí ó ṣì máa dá nǹkan ṣe. Odù tí a ó fi kọ́ ọ ni Ìká Òfún, tí ọ̀pọ̀ Awo ń pè ní Ìkáfún.

Ìtàn inú Odù náà

Àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún gbéra, ó di Ilé-Ifẹ̀. Ogbó ni wọ́n ń lọ tọrọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè gbó, kí àwọn tọ́, bí Olódùmarè ṣe là á sílẹ̀. Ifá ní wọ́n á gbó, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ mẹ́rìndínlógún wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa mọ́. Wọ́n délé, wọn ò pa á mọ́. Gbogbo ohun tí Ifá ní kí wọ́n má ṣe ni wọ́n ń ṣe. Ni ikú bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ń pariwo pé Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Bàbá ní òun kọ́, ìkìlọ̀ tí wọn ò pa mọ́ ló ń pa wọ́n.

Méjì wà nínú ìkìlọ̀ náà tó jọra: ẹ má gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú, ẹ má sì gba ọ̀pá lọ́wọ́ arúgbó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí.

Kí ni ọ̀pá yẹn?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, "Ìkà èèyàn ló lè gba ọ̀pá lọ́wọ́ arúgbó. Èmi kì í ṣe ìkà, ọ̀rọ̀ ò kàn mí." Ẹ ní sùúrù. Ọ̀pá ni ohun tó ń jẹ́ kí arúgbó lè dá rìn. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń jẹ́ kí àgbàlagbà lè dá dìde, dá ronú, dá pinnu, ọ̀pá rẹ̀ nìyẹn. Lóde òní, ìfẹ́ la sábà máa ń fi gbà á.

Màmá fẹ́ gbálẹ̀, ọmọ ní, "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Màmá fẹ́ lọ ra ata, wọ́n rán ọmọ kékeré. Bàbá fẹ́ mọ iye owó tó wà ní báńkì, wọ́n ní kó má ronú. Gbogbo rẹ̀ dùn létí. Àmọ́ ẹsẹ̀ tí a ò lò, agbára rẹ̀ á máa dín kù ni. Bó bá yá, ẹni tó ń jókòó torí pé wọ́n ní kó jókòó á wá máa jókòó torí pé kò lè dìde mọ́.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu?" Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ọmọ fún ìyá lọ́mú, kí ó tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà ò ní kí ọmọ òkété gba ihò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Òsùn kì í dùbúlẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọ̀pá òsùn nílé Awo, ẹ mọ̀ pé òòró ló máa ń wà. A kì í jẹ́ kó ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ ká máa ṣọ́ àgbàlagbà wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú ìjàǹbá tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ọ́mọ̀ fà, ìṣubú ló ṣìkejì nínú ohun tó ń pa èèyàn jù lágbàáyé. Àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ wo inú ilé. Ṣé balùwẹ̀ ń yọ̀? Ẹ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri. Ṣé etí ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì ti ká sókè? Ẹ ká a kúrò. Bí iná bá lọ lóru ńkọ́? Kí tọ́ọ̀ṣì wà níbi tí ọwọ́ Màmá á ti tètè tó o. Kí ìró má máa wọ́ nílẹ̀, kí bàtà má tóbi ju ẹsẹ̀ lọ.

WHO tún ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Kí ó sì máa ṣe ohun tó ń kọ́ ẹsẹ̀ bí a ṣe ń dúró dáadáa, ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Ìrìn kíákíá wà níbẹ̀. Dídìde lórí àga àti jíjókòó padà wà níbẹ̀, kí ògiri sì wà nítòsí tí ó lè dì mú.

Àgbà náà ò gbọdọ̀ sọ ọ̀pá tirẹ̀ nù

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹni tó bá kọ ọ̀pá torí ojútì, òun ló gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ro ni. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gbọ́ ti dókítà, ẹ má sì dá oògùn dúró torí pé ara yá. Iyọ̀ òòjọ́ ò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, iyọ̀ inú magí wà nínú rẹ̀.

Ojú ńkọ́? Glókómà wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ó máa ń jí ojú gbé díẹ̀díẹ̀ láìro ni, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà. Àyẹ̀wò àti oògùn ló ń dá ìyókù sí.

Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀. Bí ẹ bá ń lo oògùn òyìnbó, ẹ sọ fún Awo tàbí oníṣègùn yín. Àwọn méjèèjì lè jọ jà nínú ara, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bí ọwọ́ ò bá lè di ọ̀pá mú mọ́ ńkọ́?

Ọjọ́ lè dé tí ìgbàgbé á pọ̀, tí Màmá á gbé ìkòkò kaná tí á sì lọ sùn. Nígbà náà, a ò ní í wò ó níran. Ṣùgbọ́n dídi ọ̀pá mú pẹ̀lú arúgbó yàtọ̀ sí gbígbà á. Ẹ bá a dáná, ẹ jẹ́ kó bu iyọ̀ sí i. Ẹ bá a ka owó rẹ̀ lójú rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e kúrò nílé rẹ̀ lọ sí ìgboro, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.

Ẹ rántí àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún. Ifá ò purọ́ fún wọn. Ogbó tí wọ́n tọrọ wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ ni wọn ò pa mọ́. Ẹni tó rúbọ àìkú tí kò tún balùwẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣe, ẹbọ rẹ̀ ò tíì pé.

Kí Ifá jẹ́ ká gbó, ká tọ́. Kí ẹsẹ̀ wa má yẹ̀, kí ojú wa má fọ́, kí ọ̀pá má bọ́ lọ́wọ́ wa. Àṣẹ. Àbọrú àbọyè, àbọṣíṣẹ o.