Òkòtó Onígun Mẹ́rin: Bí Eré Ọmọdé Ṣe Gbé Èdè Hébérù Dìde

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó dójú tì mí.

Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ ní Yorùbá. Mo ti gé páálí sí wẹ́wẹ́, mo kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i. "Èwo nìyí?" Kò dáhùn. "Ẹ ni. Sọ ọ́: ẹ." Ó sọ ọ́. Nígbà tá a fi máa dé lẹ́tà kẹfà, ó ti ń fi páálí bojú. Nígbà tá a dé ìkẹjọ, ẹkún ti bọ́. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì lórí bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, mo pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Torí màmá wa àgbà ni mo ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tá a bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á kí ọmọ náà, wọ́n á kì í ní oríkì, ọmọ á sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. Màmá á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á ní, "Ó dáa, ẹ gba fóònù." Ẹ̀rín yẹn máa ń dùn mí.

Lẹ́yìn ẹkún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí tó sì yọrí sí rere. Kíkà náà gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn Júù àti èdè Hébérù. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ kó síwájú yín lónìí.

Èdè àdúrà tí ọmọdé ò fi ṣeré

Gbogbo wa la mọ Hébérù láti inú Bíbélì. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé fún nǹkan bí ọdún 1,700, kò sí ilé tí Hébérù ti jẹ́ èdè abínibí. Èdè náà ò kú pátápátá o. Wọ́n ń fi gbàdúrà, wọ́n ń fi kọ̀wé, àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi jiyàn lórí òfin. Ṣùgbọ́n tí ìyá bá fẹ́ rẹ ọmọ lẹ́kún, èdè míì ló máa fi rẹ̀ ẹ́: Yídíìṣì láàárín àwọn Júù Ìlà-Oòrùn Yúróòpù, Lárúbáwá láàárín àwọn tó ń gbé nílẹ̀ Lárúbáwá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1881, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eliezer Ben-Yehuda, tí wọ́n bí lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà, gúnlẹ̀ sí Jáfà, ìyẹn Jọ́pà tí Jónà ti wọkọ̀ ojú omi. Ó ti pinnu pé Hébérù nìkan ni wọ́n máa sọ nílé òun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìyàwó rẹ̀, Devora, bí ọmọkùnrin kan, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ọmọ àkọ́kọ́ tó fi Hébérù òde òní ṣe èdè abínibí. Bàbá náà le. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé inú bàbá òun ru lọ́jọ́ kan tó bá ìyá òun tó ń kọ orin Rọ́ṣíà fún òun.

Ọmọ náà pẹ́ gan-an kó tó fọhùn. Èmi ò ní sọ pé òfin bàbá rẹ̀ ló fà á, torí ọmọ kan ṣoṣo ò tó fi ṣe ẹ̀rí. Àmọ́ nǹkan kan hàn gbangba: kò ní ẹgbẹ́ tó lè fi èdè rẹ̀ bá a ṣeré.

Ìṣòro míì tún wà. Bíbélì ní ọ̀rọ̀ fún ẹbọ àti fún ogun, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa pe bèbí? Ben-Yehuda ní láti dá *buba* sílẹ̀. Yìnyín dídùn tí ọmọdé ń lá ńkọ́? Ó dá *glida* sílẹ̀. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń béèrè lọ́wọ́ èdè. Òfin àti àsọtẹ́lẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Orúkọ nǹkan ìṣeré ni wọ́n ń wá.

Ọgbà àwọn ọmọdé

Àwa máa ń pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní jẹ́lé-ó-sinmi, àfi bíi pé torí kí àgbà lè rí ìsinmi la ṣe dá a sílẹ̀! Orúkọ tí àwọn Júù fún tiwọn yàtọ̀: *gan yeladim*, ọgbà àwọn ọmọdé. Èdè Jámánì ni wọ́n ti tú u. Friedrich Fröbel ló dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1837. Lọ́dọ̀ rẹ̀, bọ́ọ̀lù, igi gígé, orin àti ọgbà gbíngbìn ni ìwé.

Ní ọdún 1898, wọ́n ṣí jẹ́lé-ó-sinmi Hébérù àkọ́kọ́ ní Rishon LeZion, abúlé àgbẹ̀ tí àwọn Júù tó ṣí wá láti Rọ́ṣíà tẹ̀ dó lọ́dún 1882. Ohun tí ilé Ben-Yehuda ò ní wà níbẹ̀: ọmọdé púpọ̀ lójú kan, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo láàárín wọn. Tó o bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù kàn ọ́, wàá sọ ọ́ ní Hébérù. Tí ẹnì kan bá já a gbà, Hébérù ni wàá fi fẹjọ́ sùn.

Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, èdè náà ń bá ọmọ lọ sílé. Títí dòní, àwọn ará Ísírẹ́lì máa ń ṣàwàdà pé èdè tí ìyá ń kọ́ lẹ́nu ọmọ ni Hébérù. Ní ọdún 1922, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Palẹsítínì, Hébérù di ọ̀kan nínú èdè ìjọba mẹ́ta, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá. Láti 1881 sí 1922, ọdún 41 péré ni.

Kí ló wà nínú eré gan-an?

Ibi tí iṣẹ́ mi wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nílé. Ìgbà 12 ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èdè Mandarin ti ilẹ̀ Ṣáínà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn tó jókòó sílẹ̀ tó ń fi ìwé àti nǹkan ìṣeré bá wọn ṣeré. Àwọn kan gbọ́ ọ lórí fídíò, àwọn kan gbọ́ ohùn lásán. Ọ̀rọ̀ kan náà, iye àkókò kan náà.

Àwọn tó rí èèyàn bá ṣeré mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìró Mandarin tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ti fídíò àti ti ohùn lásán ò mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n, ọmọ ọdún mẹ́rin lè yàtọ̀. Àmọ́ ó yẹ kó mú wa ronú kí á tó gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó máa fi kọ́ èdè.

Lev Vygotsky, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé tó jẹ́ Júù, tí wọ́n bí ní Belarus lọ́dún 1896, ti sọ nǹkan tó jọ ọ́ tipẹ́: nínú eré, ọmọ máa ń ṣe ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ á jókòó jẹ́ẹ́ bó bá ń ṣe "ìyàwó" nínú eré, torí òun fúnra rẹ̀ ló gba òfin náà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ta òkòtó náà

Mo fẹ́ fi eré kan ṣàlàyé. Nígbà Hánúkà, àjọ ìyàsímímọ́ tẹ́ ẹ lè ti kà nínú Ìhìnrere Jòhánù, àwọn ọmọ Júù máa ń ta òkòtó onígun mẹ́rin. Hébérù ń pè é ní *sevivon*, Yídíìṣì ń pè é ní *dreidel*. Lẹ́tà kan wà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Oníkálukú á kó ẹ̀pà tàbí owó ẹyọ ṣokoléètì sọ́wọ́, á fi ọ̀kan sáàárín, lẹ́yìn náà wọ́n á máa ta òkòtó lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tó bá dojú kọ òkè ló máa dájọ́:

- *Nun*: òfo. O ò gbà, o ò san.
- *Gimel*: kó gbogbo rẹ̀!
- *Hei*: kó ìdajì.
- *Shin*: fi ọ̀kan sí i.

Ní Yídíìṣì, àwọn lẹ́tà yìí ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "òfo", "gbogbo rẹ̀", "ìdajì" àti "fi sí i". Ní Hébérù, àwọn náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó sọ pé iṣẹ́ ìyanu ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀, wọ́n yọ *shin*, wọ́n fi *pe* sí i, kó lè túmọ̀ sí "níbí". Ìtàn àti ilẹ̀ ti wà lára òkòtó kan ṣoṣo!

Ẹ wá ro ó wò. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé, ṣé ó máa gbàgbé *gimel*? *Gimel* ni ẹ̀pà! Nínú eré kan, ó lè gbọ́ orúkọ lẹ́tà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ẹni tó ní kó tún un sọ. Ojú rẹ̀ wà lára lẹ́tà náà gan-an lásìkò tí orúkọ rẹ̀ ń wọ etí rẹ̀. Tí *hei* bá sì jáde nígbà tí ẹ̀pà méje wà nílẹ̀, ìjà dé: ta ló ni ẹyọ kan tó ṣẹ́kù? Wọ́n á jiyàn, wọ́n á sì fi èdè jiyàn.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni

Kì í ṣe òyìnbó ayé òde òní ló kọ́ àwọn Júù lọ́gbọ́n yìí. Nínú Támúdì, wọ́n ní Rábì Akiva, ẹni tó gbé láyé ní nǹkan bí ọdún 1,900 sẹ́yìn, máa ń pín àgbàdo-ilẹ̀-wọn, ìyẹn ọkà yíyan, àti ẹ̀pà inú èèpo líle fún àwọn ọmọdé lálẹ́ Àjọ Ìrékọjá, kí oorun má baà gbé wọn lọ, kí wọ́n lè béèrè ìbéèrè. Títí dòní, ọmọ tó kéré jù ló sábà máa ń béèrè lálẹ́ ọjọ́ yẹn ìdí tí alẹ́ náà fi yàtọ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ ló sì ń bí ìtàn bí wọ́n ṣe jáde kúrò ní Íjíbítì. Wọ́n tún máa ń fi ẹ̀là àkàrà aláìwú kan pa mọ́. Bí àwọn ọmọ bá rí i, wọ́n á gba ẹ̀bùn, torí oúnjẹ ò lè parí láìsí i. Bojúbojú ni, àmọ́ àkàrà ló sá pa mọ́.

Ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 800 sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ lọ kọ́ lẹ́tà, wọ́n á kọ lẹ́tà sára wàláà, wọ́n á fi oyin sí i, ọmọ á sì lá a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé kéú, ẹ mọ̀ bí wàláà ṣe rí. Ẹ wá fi oyin kún un.

Lónìí, ní ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ísírẹ́lì, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ kan á ṣe "ìyá Sábáàtì", òmíràn á ṣe "bàbá". Àbẹ́là á wà lórí tábìlì, búrẹ́dì tí wọ́n hun bí irun dídì á wà níbẹ̀, oje àjàrà á dípò wáìnì. Nígbà Púrímù, wọ́n á múra bí ọba àti ayaba, bí wọ́n bá sì ka orúkọ Hámánì nínú ìwé Ẹ́sítérì, gbogbo wọn á mi ohun aláriwo wọn títí orúkọ náà á fi rì. Ẹ wò ó: kí o tó lè pariwo lásìkò, o ní láti fetí sí gbogbo ìtàn náà. Ariwo ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ìtẹ́tísílẹ̀.

Lẹ́tà 22 ni Hébérù ní, láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń kọ ọ́. Àwọn ọmọ máa ń fi amọ̀ mọ wọ́n, wọ́n á fi ìyẹ̀fun ṣe bisikíìtì lẹ́tà. Àmì fáwẹ̀lì wọn, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lábẹ́ lẹ́tà, wà nínú ìwé ọmọdé, àmọ́ ìwé ìròyìn àgbà kì í sábà ní in. Ọmọ ló ń rí gbogbo àmì. Àgbà ti há a sórí. Àwa tá à ń sá fún àmì orí àti àmì abẹ́, ẹ ò rí nǹkan?

Kí n má tàn yín

Eré nìkan kọ́ ló gbé Hébérù dìde. Olùkọ́ wà, ìwé wà, àwọn tó fi gbogbo ayé wọn jin èdè náà wà. Ó sì ní ohun tó gbà lọ: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ti Yídíìṣì sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ọmọ ò sì lè bá ìyá wọn àgbà sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ìyẹn dùn mí nígbà tí mo kà á, torí ohun tí mò ń sá fún gan-an nìyẹn. Bákan náà, eré láìsí ẹni tó ń sọ èdè náà, eré lásán ni.

Ní tèmi, mo kó páálí dànù. Mo wá òkòtó, mo fi páálí ṣe é ní onígun mẹ́rin, mo kọ *ẹ*, *ọ*, *ṣ* àti *gb* sí i: òfo, gbogbo rẹ̀, ìdajì, fi sí i. Òfin mi kan ṣoṣo ni pé Yorùbá nìkan la máa sọ nídìí ẹ̀pà. Ọjọ́ kìíní, kò sọ ju "tèmi!" lọ. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí mo bá pàdánù pé màgòmágó wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màmá àgbà wà lórí fóònù, mo sì rọra fi ìka ti òkòtó kó má baà bọ́ sí *ọ*. Ọmọ náà rí mi. Ó fò dìde: "Àǹtí, màgòmágó lẹ ṣe! Ẹ kó ẹ̀pà mi wá!"

Màmá ò ní ká gba fóònù lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Ta ló rẹ́ ọmọ mi jẹ? Sọ fún mi." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn, ó ń ṣi ohùn sọ, àmọ́ Màmá ń gbọ́, wọ́n sì ń bi í pé kí ló wá ṣẹlẹ̀.

Tí ọmọ kékeré bá wà nílé yín, ẹ ta òkòtó lónìí. Ẹ má gbàgbé ẹ̀pà.