Bí A Bá Fi Físà Du Akẹ́kọ̀ọ́: Ọ̀nà Títọ́ Láti Tún Un Béèrè

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ní ọmọ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìsinmi bá dé, ó lè wu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti rékọjá omi lọ wo ìlú Paris tàbí Róòmù fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ ń kàwé lè lọ láìgba físà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á, nítorí pé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un kò ṣí ilẹ̀kùn àwọn ìlú wọ̀nyí. Nígbà mìíràn wọn a fi físà náà dù ú. Bí ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá kan ilé, àwọn òbí a dààmú, àwọn mìíràn a sì máa wá ẹni tí yóò gbowó lọ́wọ́ wọn láti fi ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣe é. Nítorí èyí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

KÍ NI FÍSÀ SCHENGEN?

Schengen jẹ́ abúlé kékeré kan ní etí odò Moselle ní ilẹ̀ Luxembourg. Níbẹ̀ ni ìjọba ilẹ̀ 5, èyíinì ni Faransé, Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù, Netherlands àti Luxembourg, ti fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1985, pé àwọn yóò máa dín àyẹ̀wò ẹnu ibodè tí ó wà láàrin wọn kù díẹ̀díẹ̀. Lónìí ilẹ̀ 29 ni ó wà nínú ètò náà. Físà kan ṣoṣo ni arìnrìn-àjò afẹ́ lè fi wọ gbogbo wọn, kò sì gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180. Òfin kan náà, tí a ṣe ní ọdún 2009, ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé lórí físà yìí.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ohun mẹ́rin wà tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀.

1. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba tí ó bá fi físà du ènìyàn gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí ó sọ ìdí rẹ̀.

2. Ẹni náà ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lábẹ́ òfin ilẹ̀ tí ó fi físà dù ú. Ìwé èsì náà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí yóò ṣe pè é.

3. Ó lè béèrè lákọ̀tun. Òfin náà kò dá iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ fi dúró. Ó sì sọ gbangba pé a kò gbọdọ̀ fi físà du ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì kìkì nítorí pé a ti fi dù ú rí. A gbọ́dọ̀ tún gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

4. Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ náà àti ìtẹ̀ka rẹ̀ a máa wà nínú ẹ̀rọ fún ọdún 5. Ilé-iṣẹ́ aṣojú gbogbo ilẹ̀ 29 náà ni ó lè rí i. Nítorí náà, ẹni tí Faransé kọ̀ fún kò lè fi pamọ́ fún Ítálì.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń KỌ̀

Mẹ́ta nínú àwọn ìdí tí ó wà nínú ìwé èsì náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí jù lọ. Èkíní ni pé kò fi ẹ̀rí hàn dáadáa nípa ohun tí ó ń lọ ṣe. Èkejì ni pé kò fi hàn pé òun ní owó tí yóò tó o ná. Ẹ̀kẹta ni pé ó ṣeé ṣe kí ó má padà kí físà rẹ̀ tó parí. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé ènìyàn burúkú ni ọmọ náà. Ẹ̀rí ni kò tó.

ÀPẸẸRẸ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Manchester ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ lo ọjọ́ 6 ní Paris. Owó díẹ̀ ni ó wà ní báńkì rẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan, baba rẹ̀ ta ilẹ̀, ó sì fi owó ńlá ránṣẹ́ sí i. Ọmọ náà san owó òtẹ́ẹ̀lì fún òru 2 péré. Kò gba ìwé kankan lọ́wọ́ yunifásítì rẹ̀. Wọ́n fi físà dù ú. Kí ni yóò ṣe?

Bí ó bá kó ìwé kan náà lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú mìíràn, èsì kan náà ni ó ṣeé ṣe kí ó gbà. Ilẹ̀ tí ènìyàn yóò ti pẹ́ jù lọ ni òfin ní kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe Paris ní Róòmù ti purọ́ kí ó tó kúrò nílé.

Ohun tí ó yẹ ni pé kí ó dáhùn ìdí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rí. Kí ó gba ìwé lọ́wọ́ yunifásítì tí ó sọ ọjọ́ tí ìwé kíkà yóò tún bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ hàn, nítorí ìwọ̀nyí ni ẹ̀rí pé yóò padà. Kí baba rẹ̀ kọ ìwé pé òun ni òun fi owó náà ránṣẹ́, kí ó sì fi ìwé títa ilẹ̀ àti àkọsílẹ̀ báńkì tirẹ̀ tì í. Kí òtẹ́ẹ̀lì kárí gbogbo òru tí yóò lò, kí ètò ìpadàbọ̀ rẹ̀ sì dájú. Kí ó ní ìwé adójútòfò fún ìtọ́jú àìsàn, tí kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 Yúrò. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ lẹ́tà kúkúrú tí ó sọ ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ fún un, ìdí tí wọ́n sọ, àti ohun tí ó ti ṣe sí i.

Kí ó má kánjú. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024 ni owó físà àgbàlagbà ti di 90 Yúrò, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. A lè béèrè láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn-àjò, ó sì pẹ́ jù, kí ó ku ọjọ́ 15. Èsì a máa jáde láàrin ọjọ́ 15, ṣùgbọ́n ó lè tó ọjọ́ 45.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ IRỌ́

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn lè ṣe ìwé báńkì tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ayédèrú ni. Ẹ sá fún wọn. Ìwé ayédèrú fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdí tí òfin fi lè fi físà duni. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún ń béèrè físà lọ́wọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn a máa bi í bóyá orílẹ̀-èdè kankan ti fi físà dù ú rí. Kí ó jẹ́wọ́. Kíkọ̀ tí Faransé kọ̀ kò ba ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i pé ó fi ẹ̀tàn béèrè, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10. Ìrìn-àjò afẹ́ ọjọ́ 6 kò tó ohun tí a ń fi ẹ̀kọ́ ọdún 3 rà. Àwọn àgbà wa ti sọ pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àti bíbéèrè lákọ̀tun?
2. Èé ṣe tí owó tí ó wọ báńkì lójijì fi nílò àlàyé?
3. Kí ni òbí lè ṣe láti ilé láti ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́?