Òru Tí Iyùn Ń Bímọ

Ní ọjọ́ ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa, bí àwọn ọba aládé bá ti jókòó tán, iyùn ọrùn wọn ni ojú ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ìwé Òwe, orí 31, pàápàá fi iyùn díwọ̀n iye obìnrin oníwà rere. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọmọ ní kíláàsì pé kí ni iyùn gan-an, òkúta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pè é. Àwọn mìíràn á ní igi inú òkun ni. Kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe igi. Ẹ̀dá abẹ̀mí ni, egungun rẹ̀ ni àwọn ọba wa sì ń so mọ́ ọrùn.

Iyùn pupa yìí, Òkun Mẹditaréníà ni ó ti ń wá, kì í sì í kọ́ òkìtì. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń kọ́ òkìtì ńláńlá sábẹ́ omi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹran ara wọn rọ̀, ó kéré, ẹnu kan ṣoṣo ni ó ní, ọwọ́ wẹ́wẹ́ sì yí ẹnu náà ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi ẹfun mọ ilé yí ara rẹ̀ ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn a sì so pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí ikán ti ń mọ ọ̀gán díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń mọ òkìtì tí ọkọ̀ ojú omi lè forí sọ. Ẹ kò ní rí irú rẹ̀ ní etí òkun Èkó. Àwọn ohun ọ̀gbìn tíntìntín tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ń gbé inú ẹran ara iyùn wọ̀nyí, nítorí náà omi tí ó mọ́ gaara, tí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni wọ́n ń fẹ́. Odò Ọya àti àwọn odò mìíràn ń da ẹrẹ̀ sínú òkun tiwa, omi tútù a sì máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ ní àwọn oṣù kan. Ní São Tomé àti Cape Verde, iyùn wà lára àpáta, ṣùgbọ́n wọn kò mọ òkìtì ńlá.

Iyùn ti lẹ̀ mọ́ ojú kan, kò lè rìn. Báwo ni akọ yóò ṣe pàdé abo? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Ọsirélíà rí ìdáhùn ní òkìtì tí à ń pè ní Great Barrier Reef. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1984. Ní ìparí ọdún, ní òru bíi mélòó kan lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, tí ilẹ̀ bá ti ṣú fún wákàtí díẹ̀, iyùn tí irú wọn lé ní 100 a máa tú ẹyin àti àtọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ irú, ara kan náà ni ẹyin àti àtọ̀ ti ń wá, wọ́n a sì wé pọ̀ bí ìdì kékeré, aláwọ̀ bí osùn fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀rá inú ẹyin ni ó ń gbé ìdì náà léfòó. Bí ó bá dé ojú omi, a tú, àtọ̀ tòhún a sì wá ẹyin tìhín lọ.

Ẹni tí a bí sí Iye-Èkìtì mọ irú ìpàdé báyìí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ dáadáa, èsúnsún a tú jáde láti inú ọ̀gán gbogbo ní ìrọ̀lẹ́ kan náà, àwa ọmọdé a sì gbé ọpọ́n omi sábẹ́ àtùpà. Kò sí ẹni tí ó fọn fèrè fún wọn; òjò ni àmì wọn. Àmì ti iyùn jẹ́ mẹ́ta. Bí omi òkun ti ń gbóná sí i ni ó ń sọ oṣù, òṣùpá ni ó ń sọ òru, wíwọ̀ oòrùn ni ó sì ń sọ wákàtí. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ pé a fi ìmọ́lẹ̀ sí òfuurufú fún àmì àti fún àkókò. N kò rò pé iyùn wá sí ọkàn wa rí nígbà tí a ń kà á.

Àǹfààní ìjádelọ́pọ̀ náà hàn gbangba. Ẹja ń jẹ ẹyin wọ̀nyí gan-an, ṣùgbọ́n ikùn ẹja ní ìwọ̀n. Àti pé wákàtí díẹ̀ ni agbára àtọ̀ fi ń wà nínú omi. Iyùn tí ó bá tú tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì àríyá, lásán ni ó tú u.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣe báyìí. Àwọn kan ń tú àtọ̀ nìkan. Inú ìyá ni ẹyin ti ń di ọmọ, tí yóò sì wà níbẹ̀ títí yóò fi lè lúwẹ̀ẹ́. Iyùn pupa àwọn ọba wa wà lára àwọn wọ̀nyí: akọ ń dá wà, abo ń dá wà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ìlú wọn ni abo sì ń tú ọmọ sílẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tètè wá ibi lẹ̀ mọ́ nítòsí ìyá rẹ̀, nígbà tí ọmọ ojú omi lè bá ìgbì rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò fẹ́ akọ, tí kò fẹ́ abo. Bí ìjì bá ṣẹ́ ẹ̀ka iyùn, ẹ̀ka náà lè fìdí múlẹ̀ níbi tí ó bọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí igi ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ ṣẹ́ gún mọ́lẹ̀. Ó yá, ó sì dájú. Ṣùgbọ́n ìyá náà ni ọmọ yìí, kò yàtọ̀ rárá. Àrùn tí ó bá pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn. Nínú ìpàdé ẹyin àti àtọ̀ ni ọmọ ti ń ní ohun tí ìyá kò ní, bóyá agbára láti fara da omi tí ó gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìdí nìyí tí ìròyìn tí ó wá láti Òkun Pupa ní ọdún 2019 fi wúwo. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ òru ṣọ́ iyùn ní ìhà àríwá òkun náà rí i pé àwọn irú kan kò jáde lọ́jọ́ kan náà mọ́. Àwọn kan jáde lónìí, àwọn kan lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn iyùn náà, àwọn àgbà wà níbẹ̀, ara wọn sì le. Kékeré ni ó ṣọ̀wọ́n láàárín wọn.