Àṣesílẹ̀ àti Àbọ̀wábá: Ọ̀rọ̀ tí Ó Tọ́ fún Sáìtì tí Ń Tètè Ṣí

Èjìgbò, ilé Ògìyán, ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń rìnrìn àjò lọ sí Abidjan láti ayé àwọn bàbá wa, tí wọ́n sì ń mú èdè Faransé bọ̀ wálé bí wọ́n ti ń mú ọjà bọ̀, kì í ṣe ìlú tí ọ̀rọ̀ àjèjì lè tètè dẹ́rù bà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń yọ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lẹ́nu níbẹ̀ àti ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Máṣífà àti Ìlàwó tí ó yí i ká, ìbáà ṣe àwọn tí ń gbowó ṣe sáìtì fún ilé ìwé àti ilé ìjọsìn, ìbáà ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Èjìgbò. Ọ̀rọ̀ náà ni cache. "Sáìtì yẹn ti slow jù, fi plugin cache sí i, tó o bá ṣe tán, kó o clear cache." Bí a bá yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, Yorùbá tí ó kù kò lè dá dúró. Èmi kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a yá ọ̀rọ̀ lò. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a kọ́kọ́ wá a nílé kí a tó yá a lóde.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ sáìtì tí à ń rí lónìí ni a fi WordPress kọ́, ètò kan tí Matt Mullenweg àti Mike Little gbé jáde ní ọdún 2003. Bí ẹnìkan bá béèrè fún ojú ewé kan lórí irú sáìtì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojú ewé tí a ti tò parí ni ó wà nílẹ̀ dè é. Ètò náà yóò ké sí MySQL, níbi tí a kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú sáìtì sí, yóò ṣa àkọlé níhìn-ín, yóò mú ọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, yóò tò wọ́n pọ̀, kí ó tó gbé odindi ojú ewé fún ẹni tí ó béèrè. Bí ẹlòmíràn bá sì dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó béèrè ojú ewé kan náà gan-an, gbogbo làálàá yẹn ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ bí WP Super Cache àti W3 Total Cache ni ó ń gba ètò náà lọ́wọ́ wàhálà yìí: ojú ewé tí a tò fún àlejò àkọ́kọ́ ni wọn yóò tọ́jú ní odindi, òun ni wọn yóò sì máa gbé fún àlejò kejì títí dé ẹgbẹ̀rún.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ ìpẹ́ àti ìyára ná. Ẹni tí ó ní "sáìtì yìí ń falẹ̀" ṣi ọ̀rọ̀ lò, nítorí ẹni tí ó lè yára bí ó bá fẹ́ ni ó ń falẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni ó ń falẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tí a rán níṣẹ́ ni ó ń falẹ̀ lọ́nà. Lílọ́ra jẹ́ ti ìṣẹ̀dá: ìgbín lọ́ra, kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kéré náà sì lọ́ra. Pípẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ti àkókò. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé lè lọ́ra, ojú ewé inú rẹ̀ yóò sì pẹ́ kí ó tó ṣí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni sáìtì náà, tí a ti sọ fún láti àná tí kò wá nǹkan ṣe sí i, òun nìkan ni ó ń falẹ̀.

Bákan náà ni ìdàkejì rẹ̀. "Sáìtì náà ń sáré" kò bá a mu, nítorí kò kúrò níbi tí ó wà. "Yára" ń sọ bí ìṣe ṣe ń lọ. "Tètè" ń sọ pé ìṣe náà kò pẹ́ sí àsìkò tí a retí rẹ̀. Ẹni tí ó yára rìn lè máà tètè dé bí kò bá tètè kúrò nílé. Ohun tí àlejò ń fẹ́ ni kí ojú ewé tètè ṣí, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà yára, ìbáà ṣe kò yára. Àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí gan-an ni iṣẹ́ cache wà, nítorí kò fi agbára kankan kún kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ni ó mú kí ó ti parí kí àlejò tó dé.

Wàyí o, kí ni kí a pè é? Àwọn kan ní kí a kúkú kọ ọ́ ní "káàṣì", kí a fi àmì ohùn sí i, kí ó di tiwa. Ṣùgbọ́n káàṣì ti wà nílé wa tipẹ́, owó lọ́wọ́-lọ́wọ́ ni à ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́jà, bí ẹ bá sì sọ fún ìyá aláṣọ kan tí sáìtì rẹ̀ kò tètè ṣí pé kí ó jẹ́ kí ẹ kó káàṣì rẹ̀ dànù, ẹ óò gbọ́ èsì tí ó tọ́ sí yín. Ọ̀nà kejì ti ọ̀dọ̀ Faransé wá. Ọmọ Èjìgbò tí ó ti gbé Abidjan mọ̀ pé "cacher" ni kí a fi nǹkan pamọ́ kí ojú má rí i, láti ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì sì ti mú cache; yóò wá rò pé "ìfipamọ́" ni ìtumọ̀ tí ó tọ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé inú kọ̀ǹpútà ná. Ní ọdún 1965, Maurice Wilkes ti Yunifásítì Cambridge kọ̀wé lórí ibi ìkó-nǹkan-sí kékeré kan tí yóò máa ran ńlá lọ́wọ́, ẹrú ni ó sì pe kékeré náà. Ní ọdún 1968, nígbà tí IBM ń ṣàlàyé irú rẹ̀ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà System/360 Model 85, cache ni wọ́n pè é. Ọ̀kan wo iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, èkejì wo bí kò ṣe hàn sójú. Kò di dandan kí Yorùbá tẹ̀ lé èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi "pamọ́" wé "sílẹ̀". Ohun tí a fi pamọ́, a fi pamọ́ fún ẹnìkan ni, tàbí kúrò lójú ẹnìkan: owó ìpamọ́, ọ̀rọ̀ ìpamọ́, aṣọ tí a kó pamọ́ di ọjọ́ ọdún. Ìtọ́jú wà nínú rẹ̀, ìfarasin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé nǹkan náà ti yá fún ìlò. "Sílẹ̀" yàtọ̀. Nígbà tí a bá ní kí ẹnìkan múra sílẹ̀, kí ó pèsè sílẹ̀, kí ó pọnmi sílẹ̀, ohun tí à ń wí ni pé kí iṣẹ́ ti parí kí àkókò ìlò tó dé. Ẹ kíyè sí i, ṣá o, pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ṣáájú ni ó ń pinnu ohun tí "sílẹ̀" yóò jẹ́: ẹni tí ó fi ìyàwó sílẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ẹni tí ó tú ẹran sílẹ̀ ti yọ okùn lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà "àfisílẹ̀" kò ní í ṣe. Ohun tí a ti patì ni yóò máa jọ létí.

Àwọn àgbà ti bá wa wá orúkọ náà. Wọ́n ní àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá. Ẹni tí ìwà rẹ̀ yóò padà wá kò ó lọ́nà lọ́jọ́ iwájú ni a máa ń pa òwe yìí fún, ẹlòmíràn sì lè wí pé ẹ̀san àti ìbáwí ti rin ín wọra débi pé kò yẹ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ méjèèjì inú rẹ̀ wò, a kò ní rí ẹ̀san níbẹ̀: ohun tí a ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni àṣesílẹ̀, ohun tí a padà dé tí a bá nílẹ̀ ni àbọ̀wábá. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sọ "kọ sílẹ̀" di "àkọsílẹ̀" náà ni ó sọ "ṣe sílẹ̀" di "àṣesílẹ̀", kò sì sí ẹni tí ń gbọ́ "àkọsílẹ̀" tí àyà rẹ̀ ń já.

Èyí tí ó wú mi lórí jù ni pé òwe náà fún wa ní orúkọ méjì, méjì náà ni a sì nílò. Cache kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé, tí gbogbo àlejò jọ ń jàǹfààní rẹ̀: àṣesílẹ̀ ni kí a pe èyí. Òmíràn wà nínú fóònù ẹni tí ń ka sáìtì, níbi tí a tọ́jú àwòrán àti nǹkan mìíràn tí fóònù náà ti gbà nígbà kan rí sí, kí ó má baà tún ná dátà lé wọn lórí. Ẹni tí kò wá rí kò lè ní i, ẹni tí ó padà wá nìkan ni ó ń bá a. Kí ni kí a pe èyí bí kò ṣe àbọ̀wábá? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi pe méjèèjì, àfi kí ó fi òmíràn tì í lẹ́yìn kí ìyàtọ̀ tó hàn.

Phil Karlton, tí ó ṣiṣẹ́ ní Netscape, ni wọ́n ní ó sọ pé ohun méjì ni ó le nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: kí a mọ ìgbà tí àṣesílẹ̀ kò wúlò mọ́, àti kí a sọ nǹkan lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún àkókò tí a dá fún àṣesílẹ̀ ni gbèdéke. Ìṣẹ́jú àáyá ni kọ̀ǹpútà fi ń kà á: 3600 ni wákàtí kan, 86400 ni ọjọ́ kan. Ní Èjìgbò, níbi tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ Òrìṣà Ògìyán, kò sí ẹni tí a ó kọ́ pé iyán àárọ̀ kì í ṣe iyán alẹ́. Òwe ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, ọ̀ràn tí kò tán nínú ni ó ń bá wí. Lórí sáìtì, ewu ibẹ̀ ni pé iyán ogún ọjọ́ yóò máa rú èéfín bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, àlejò kò sì ní mọ̀: ilé ìwé ti sún ọjọ́ ìwọlé síwájú, sáìtì ṣì ń kéde ọjọ́ àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ojú ewé ni a ń ṣe sílẹ̀. Èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ kan, tàbí iye owó ọjà tí ẹnìkan ṣà, ti olúkúlùkù ni. Bí a bá ṣe é sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àṣírí ẹni yóò bọ́ sójú ẹlòmíràn. Irú èyí ni "ìpamọ́" wà fún.

Nígbà tí gbèdéke bá pé ńkọ́? Mo ti rí i tí àwọn kan kọ "parẹ́ àṣesílẹ̀". Àṣìṣe ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe elélà ni èyí, ó gbọ́dọ̀ là sí méjì kí ó lè gba àbọ̀ sí àárín: a ń ba ilé jẹ́, a ń pa orúkọ rẹ́, a kì í "parẹ́ orúkọ". Ohun tí ó bá parẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó pòórá. Bí ó bá jẹ́ ojú ewé kan ni, kí a pa á rẹ́. Bí ó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, kí a kó àṣesílẹ̀ dànù, kí a sì ṣe òmíràn.

Ní ti plugin, irinṣẹ́ tí a ń fi kún ètò bí WordPress, àwọn kan ń fẹ́ kí a pè é ní àfòmọ́. Àwọn onímọ̀ gírámà ti gbà á ṣáájú wa, a sì mọ ìwà rẹ̀: kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. "Àfikún" tó, ó sì yé tọmọdé tàgbà. Kí a kàn rántí pé àfikún àṣesílẹ̀ méjì kò yẹ lórí sáìtì kan. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.

Àǹfààní ìpè tí ó tọ́ ni pé ó ń fi ìwòsàn han ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìṣòro ní Côte d'Ivoire, Nàìjíríà, Gánà, Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kò lọ́ra, ojú ewé kò sì ṣe àìwà nílẹ̀. Ọ̀nà ni ó já. Bí kọ̀ǹpútà bá lọ́ra, kí a wá èyí tí ó lágbára. Bí ojú ewé bá ń pẹ́ kí ó tó ṣí nítorí ìtòjọ, kí a ṣe é sílẹ̀. Bí ọ̀nà bá já, kí a dúró de àwọn tí yóò so ó. Ẹni tí ó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní slow, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gbowó àfikún lọ́wọ́ oníbàárà nítorí wáyà tí ó já nísàlẹ̀ òkun.